Àpọ́n Tí Kò Jẹ Ẹran: Ẹ̀kọ́ Nípa Ìkòkò Rẹ̀

Àwọn aláwàdà a máa wí pé ọbẹ̀ apọ̀n ni ọbẹ̀ àpọ́n, nítorí pé kì í pẹ́ jinná, kò sì béèrè ọgbọ́n púpọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àpọ́n kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń dá gbé yàrá kan ní Muṣin, tàbí ní Yábàá, tàbí ní Sùúrùlérè, a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ wọ ọkọ̀, a sì máa padà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó jẹ. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wá fi ẹran àti ẹja sílẹ̀, yálà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, tàbí nítorí ìlera, tàbí nítorí pé owó ẹran ti ju agbára rẹ̀ lọ, ó di dandan fún un láti mọ ohun kan: mímú ẹran kúrò nínú ìkòkò kò ṣòro, ohun tí a ó fi dípò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

1. Àpẹẹrẹ àwọn tí ó ti ṣe é

Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kọ oúnjẹ àdídùn ọba ní Bábílónì. Wọ́n bẹ ìríjú tí a fi ṣe olórí wọn pé kí ó dán wọn wò fún ọjọ́ 10, kí a fi ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ àti omi nìkan bọ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ojú wọn dán ju ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba lọ. Kíyèsí i pé Dáníẹ́lì kò sọ ohun tí òun kò ní jẹ nìkan; ó sọ ohun tí òun yóò jẹ pẹ̀lú.

Kì í sì ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1914 ni míṣọ́nnárì David C. Babcock dé Ẹ̀rúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje níbẹ̀. Ìjọ yìí a máa gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú pé oúnjẹ tí kò ní ẹran dára fún ara, bí kò tilẹ̀ fi ipá mú wọn. Ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1959 tí ó sì di yunifásítì ní ọdún 1999, oúnjẹ tí kò ní ẹran ni a ń sè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ní alásè tí ń gbèrò fún wọn. Àpọ́n Muṣin ni alásè ara rẹ̀. Bí kò bá gbèrò, kò sí ẹni tí yóò bá a gbèrò.

2. Ohun tí ń mọ ẹran ara

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí: ẹni tí ó fi ẹran sílẹ̀ a máa jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata ní alẹ́, búrẹ́dì àti tíì ní òwúrọ̀, a sì máa wí pé òun ti yó. Ikùn yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ń pa ara. Èròjà tí ń mọ ẹran ara, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní púrótéènì, inú gààrí kò tó 3 nínú 100. Inú ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó ìwọ̀n 23 nínú 100. Ọkùnrin tí ó wúwo tó kílógíráàmù 60 nílò púrótéènì bí gíráàmù 50 lójúmọ́. Gíráàmù 200 ẹ̀wà gbígbẹ nìkan yóò fún un ní bí 46. Nítorí náà, ẹ̀wà ni ẹran àpọ́n yìí.

Àwọn ìyá wa ti mọ ìdí rẹ̀ tipẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ń se ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo ní àdàlú. Wọ́n ń fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ń fi ògì mu àkàrà. Ohun tí ó dín nínú ẹ̀wà ń bẹ nínú àgbàdo, ohun tí ó sì dín nínú àgbàdo ń bẹ nínú ẹ̀wà. Àwọn méjèèjì papọ̀ a sì dà bí ẹran nínú ara. Ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, tí a ń pè ní FIIRO, tẹ̀lé ọ̀nà kan náà nígbà tí ó po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì láti mú kí ògì lágbára sí i. Ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, òtílì àti sóyà jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rere.

3. Ẹ̀jẹ̀ àti iṣan

Irin tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ń bẹ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á láti inú ohun ọ̀gbìn. Ọsàn, gúáfà tàbí agbálùmọ̀ tí a bá jẹ pẹ̀lú oúnjẹ yóò ràn án lọ́wọ́. Tíì àti kọfí a máa dí i lọ́nà. Kí ó jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu wọ́n.

Ohun kejì ni ó léwu jù, nítorí pé kì í tètè farahàn. Fítámínì B12 kò sí nínú ewé, nínú ẹ̀wà tàbí nínú èso dé ìwọ̀n tí a lè gbára lé. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà ẹni tí ó fi ẹran sílẹ̀ lónìí lè rò pé kò sí ewu. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta ni àárẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò dín, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yóò máa kú tipiri, iyè inú yóò sì máa rà. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù, ohun tí ó bàjẹ́ nínú iṣan lè máà ṣe é tún ṣe. Ẹni tí ń jẹ ẹyin tí ó sì ń mu mílíìkì, kí ó máa jẹ ẹyin 2 kí ó sì mu ife mílíìkì kan lójoojúmọ́. Wàrà àwọn Fúlàní náà dára bí a bá sè é jinná. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, kí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kí ó sì gba oògùn B12. Kò sí àdúrà tàbí ewé tí a fi ń dípò rẹ̀.

4. Ní ọjà

Ní ọjà Daleko àti Ojúwòyè ní Muṣin, a lè ra ẹ̀wà ní kóńgò. Ẹni tí ń rà á, kí ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. Kòkòrò díẹ̀ nínú ẹ̀wà kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀wà tí ń rùn bí oògùn ni kí a sá fún. Ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáwọ́ gbígba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí a rí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, ní ọjà gbangba. Kí a fọ ẹ̀wà dáadáa, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé omi kò lè fọ gbogbo oògùn náà kúrò.

Ẹni tí kò jẹ ẹja, kí ó fi ọ̀wọ̀ bi ìyá tí ń ta mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà àgànyìn bóyá edé wà níbẹ̀, nítorí a máa ń fi edé sí i láìsọ. Kí ó sì ka ohun tí a kọ sára ìdì èròjà ọbẹ̀. Pọ̀nmọ́ pẹ̀lú, ara ẹran ni. Irú ni yóò fún ọbẹ̀ rẹ̀ ní adùn tí ó ń wá.

Ẹni tí ó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí ó kó erùpẹ̀ rere sínú àpò àtijọ́, kí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò máa já a. Kí ó má ṣe gbìn ín sí ẹ̀bá gọ́tà.

5. Ìkòkò àdàlú fún ènìyàn kan

Kí a ṣa gíráàmù 200 ẹ̀wà, kí a fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí a sè é fún ìṣẹ́jú 10, kí a da omi àkọ́kọ́ nù; èyí a máa dín inú wíwú kù. Kí a bu omi mìíràn sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti àgbàdo tútù orí méjì tí a ti rẹ́ kúrò lára eérú rẹ̀. Bí àgbàdo gbígbẹ bá ni, kí a ti rẹ ẹ́ sómi láti àná, kí ó sì ṣáájú ẹ̀wà lórí iná. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀, kí a lọ ata rodo àti tàtàṣé, kí a fi epo pupa ṣíbí ńlá méjì dín in díẹ̀, kí a fi irú àti iyọ̀ sí i, kí a dà á pọ̀. Kí a má ṣe jó epo náà di funfun, nítorí pípupa rẹ̀ ni oúnjẹ ojú. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn, kí a da ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí gbúre tí a ti fọ̀ sí i.

Kí ó jẹ́ ìwọ̀n ọjọ́ kan. Ooru Èkó kì í jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀wà tí ó bá ti kan, dídá a padà sórí iná kò sọ ọ́ di rere mọ́.

6. Nínú ilé ẹlòmíràn

Pọ́ọ̀lù Àpósítélì kọ́ àwọn ará Róòmù pé kí ẹni tí ń jẹ má ṣe kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì ṣe dá ẹni tí ń jẹ lẹ́jọ́. Bí a bá pe àpọ́n yìí síbi ìnáwó, kí ó kí ìyá ilé, kí ó sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ ṣáájú kí a tó bu oúnjẹ. Ìyá tí a bá sọ fún ní àkókò kì í ṣàìrí ìrẹsì àti dòdò fún ọmọ rẹ̀. Èyí tí ń dùn ún ni abọ́ tí a dá padà láìfọwọ́kàn.

Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kì í ṣe ohun tí ń wọlé láti ẹnu nìkan ni ń pani. Ohun tí ó yẹ kí ó wọlé tí kò wọlé a máa pani pẹ̀lú.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ikùn tí ó yó àti ara tí a bọ́?
2. Èéṣe tí ẹ̀wà àti àgbàdo fi ń ran ara wọn lọ́wọ́?
3. Èéṣe tí ewu àìní fítámínì B12 fi ń tan ènìyàn jẹ?
4. Kí ni ìwọ yóò bi ẹni tí ń ta mọ́ínmọ́ín, ní ohùn wo sì ni?