Ta Ló Ya Fídíò Yẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná jó ọjà kan n'Ìbàdàn. Kí panápaná tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀ròyìn kan ti gbé fídíò ẹ̀ sórí Facebook, ó ti ròyìn ẹ̀ lórí rédíò, ó ti kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti tì í sí WhatsApp. Ọ̀gá ẹ̀ yìn ín lójú gbogbo wa pé ọmọ tó mọṣẹ́ nìyẹn. Èmi tún fídíò náà wò. Ọyẹ́ ló bo ojú ọ̀run níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá kiri funfun bí ẹni tó tẹ eérú, obìnrin kan wọ ẹ̀wù òtútù. Bẹ́ẹ̀ oṣù keje la wà, òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Iná ọdún mìíràn ni, bóyá tìlú mìíràn pàápàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn, n ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gé fídíò. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ fóònù tèmi. Ohun tí mò ń wí ò ju ìbéèrè kan lọ: ta ló yà á? Mi ò ní ta ló fi ránṣẹ́ o. Ẹ wá ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ pè é, ẹ bi í níbi tó dúró sí àti ohun tó wà lápá òsì ẹ̀. Kó fi fọ́tò mìíràn tó yà níbẹ̀ ránṣẹ́, kó sì fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí bí WhatsApp bá gbé fọ́tò bó ṣe máa ń gbé e, á ti fọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á dànù.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì wa wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá mi á fi bírò pupa sórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: “Ta ló sọ fún ẹ?” Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé èèyàn mẹ́ta kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lójú ọ̀nà Ìwó. “Ta ló sọ fún ẹ?” Mo ní àwọn tó wà níbẹ̀ ni. “Ṣé wọ́n ka òkú ni?” Alẹ́ ọjọ́ náà ló lé mi padà. Mo ń bú u nínú ikùn mi títí mo fi dé ọsibítù. Ẹnì kan ló kú. Nínú àwọn méjì tí mo ti pa, ọ̀kan ń mu ẹ̀kọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà náà, ojú ìwé kan ni àṣìṣe mi ì bá wà, a ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Tiyín, ẹnu mẹ́rin ló ń gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè pa ti Facebook rẹ́. Ta ni yóò pa ti WhatsApp? Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde. N ò ní kẹ́ ẹ dúró tó yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń bẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi obìnrin fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo. Ó ní kí n wá wo iná tó ń jó n'Ìbàdàn.