Kíka Oṣù Tí Ó Ṣófo

A fi SQL ka àwọn ọmọ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ilé-kéwú lóṣooṣù láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn jẹ́ 60, ṣùgbọ́n oṣù 10 péré ni GROUP BY kó jáde. Kò sí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù méjì yòókù, GROUP BY kò sì lè ṣa ohun tí kò sí jọ. A fi 10 pín 60, a ní ọmọ 6 lóṣù. Irọ́ ni, 5 ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe tábìlì tí oṣù méjèèjìlá wà nínú rẹ̀ (nínú PostgreSQL, generate_series yóò bá yín tò ó), kí ẹ wá kọ:

SELECT k.osu, COUNT(a.id)
FROM kalenda k LEFT JOIN akeko a ON a.osu = k.osu
GROUP BY k.osu ORDER BY k.osu;

LEFT JOIN kì í jẹ́ kí oṣù kankan sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún COUNT(*) o! A máa ka ìlà òfìfo sí 1, bẹ́ẹ̀ 0 ni a ń wá. Ó ti mú àwa náà rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ka obìnrin nìkan, inú ON ni kí ẹ fi í sí. Bí ó bá bọ́ sínú WHERE, oṣù òfìfo yóò tún pòórá, nítorí NULL ni yóò bá níbẹ̀.