Iyèméjì Nípa Wíwà Ọlọ́hun: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Ìbéèrè?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ilé kéú wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọ̀kan ṣoṣo Ọlọ́hun. A kọ àwọn ìròyìn Rẹ̀ sí ojú pátákó bí àwọn áfáà wa ṣe fi kọ́ àwa náà: wujūd, pé Ó wà, qidam, pé wíwà Rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, baqā, pé kò ní òpin. Àwọn ọmọ ń kà á tẹ̀lé wa ní ohùn kan. Ọmọkùnrin kan tí ó wà ní SS2 nawọ́ sókè. Ó ní, "Áfáà, ti àkọ́kọ́ yẹn, pé Ó wà, báwo ni a ṣe mọ̀?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwa olùkọ́ wọn ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣe: a ní kí ó wí "astagfirullāh" ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì fi í sí orí ìkúnlẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ní ọjọ́ kejì, kò wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a kò fojú kàn án.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé ọ̀rọ̀ ọmọ náà, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwa ni a ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun.

Ẹ ṣí Sūratul-Baqarah, áyà 260. Ànábì Ibrahim bẹ Olúwa rẹ̀ pé kí Ó fi bí Ó ṣe ń jí òkú han òun. Ọlọ́hun bi í bóyá kò tíì gbàgbọ́ ni. Ó ní òun gbàgbọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Ọlọ́hun kò bínú sí i. Ó ní kí ó mú ẹyẹ mẹ́rin, Ó sì fi ohun tí ó béèrè hàn án. Ẹni tí a ń pè ní ọ̀rẹ́ àyò Ọlọ́hun ni ó béèrè ẹ̀rí yìí, a kò sì kà á níbì kan pé a ní kí ó lọ kúnlẹ̀ sí igun ilé.

Nínú hádíìsì tí Imāmu Muslim gbà wá, àwọn kan nínú àwọn sàhábà wá bá Ànábì (k.i.o.m.a.), wọ́n ní àwọn ń rí nínú ọkàn àwọn ohun tí ó wúwo ju kí ẹnu sọ ọ́ lọ. Ó bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n rí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún wọn pé ìmáànì tí ó hàn gbangba nìyẹn. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ pé ìbẹ̀rù tí ó bà wọ́n nígbà tí èrò náà dé ni àmì ìmáànì. Olè kì í fọ́ ilé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn sàhábà gan-an ni wọ́n sọ eléyìí, àwọn tí ó fi ojú rí Ànábì. Kí wá ni ti ọmọ SS2 ní Ìlá?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò fa hádíìsì mìíràn yọ sí wa, èyí tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, pé Ṣàìtánì yóò wá bá ènìyàn, yóò máa bi í pé ta ló dá èyí, ta ló dá tọ̀hún, títí yóò fi bi í pé ta ló dá Olúwa rẹ̀; bí ó bá dé ibẹ̀, kí ó sá di Ọlọ́hun, kí ó sì dúró. Òótọ́ ni hádíìsì náà. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di pádì tí a fi ń ti ẹnu gbogbo oníbéèrè pa. Ohun tí a ní kí ènìyàn dá dúró ni èrò tí ó ń yí bí òkòtó tí kò ní ibi ìdúró. A ó padà sí i.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a wá ọmọ náà lọ sí oko bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà Òkè-Ìlá. A bá wọn nídìí kòkó, wọ́n ń ṣán oko. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá náà ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Áfáà, ọmọ yín ni." Ó fi wá sílẹ̀ ní abẹ́ igi, ó padà sídìí iṣẹ́. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó wá sọ ọ́, nǹkan mẹ́ta ni ó ti wé pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ó ní, "Bí ohun gbogbo bá ní ẹni tí ó dá a, Áfáà, ta ló dá Ọlọ́hun?" A wo àdá tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. A ní, "Ti ta ni àdá yìí?" Ó ní ti ará oko kejì ni, àwọn yá a ni. A ní ká ní ẹni yẹn náà yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn ńkọ́, tí ẹlòmíràn náà sì yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí a ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìní òpin, tí gbogbo wọn jẹ́ ayáni-lóhun, tí kò sí ẹnì kan tí ó ni ín? Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Kò ní sí àdá." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wíwà tí àwa ẹ̀dá wà, yíyá ni a yá a. Lánàá a kò sí, lọ́la a lè má sí. Igi, òkè, òòrùn, ìràwọ̀, kò sí èyí tí wíwà jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bí gbogbo ohun tí ó wà bá jẹ́ ayáni-lóhun, kò yẹ kí ohunkóhun wà. Nítorí náà, Ẹni kan ní láti wà tí wíwà jẹ́ tirẹ̀, tí kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá béèrè pé "lọ́wọ́ ta ni olóhun ti yá a?" kò tíì gbọ́ ìtumọ̀ olóhun. Ibi tí hádíìsì ní kí a dúró sí nìyẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ tan yín jẹ. Ọ̀rọ̀ àdá yìí mú wa dé ọ̀dọ̀ Olóhun. Kò tíì sọ fún wa pé Olóhun náà ń gbọ́ àdúà. Ọ̀pọ̀ oníwáàsí ni ó máa ń fo ibẹ̀ bí ẹni pé kòtò kò sí.

Bákan náà ni a kò fara mọ́ àwọn tí ó ń sáré gbé ẹ̀rí láti inú sáyẹ́ǹsì. Ní 1976, Maurice Bucaille, dókítà ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí Bíbélì, Àlùkùránì àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọ̀dọ́ wa sì kà á gan-an. Ó wúlò ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá so ìmáànì mọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ọdún yìí, kí ni yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá yí i padà?

Nǹkan kejì tí ọmọ náà sọ ni ti Tai Solarin. Ó ti kà nípa rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ìkẹ́nnẹ́ ni a ti bí Solarin ní 1922. Inú ìdílé onígbàgbọ́ ni ó ti dàgbà, ó sì kàwé ní Wesley College ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fẹ́ kí wọ́n dẹ́kun ìsìn òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1956 ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí kò ti sí ìsìn kankan nínú ètò ilé-ìwé. Títí ó fi kú ní 1994, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ọmọ náà ní, "Áfáà, ẹni yìí kò gba Ọlọ́hun gbọ́, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tí ó ń kírun ní ìlú wa ńkọ́?"

A kò jiyàn lórí ìwà Solarin. Ìwé tí ó kọ́ àwọn ọmọ, òógùn ojú rẹ̀ ni, àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sì wà káàkiri. Bí ó ti ń bá àwọn tí ó ń gbàdúrà láìṣiṣẹ́ wí, Àlùkùránì ti bá wọn wí ṣáájú rẹ̀. Ẹ ka Sūratul-Mā'ūn, súrà 107, kí ẹ rí ohun tí ó sọ nípa ẹni tí ń kírun fún ojú ayé, tí ń lé ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ayédèrú owó náírà kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí náírà gidi. Bí kò bá sí gidi, ta ni yóò ṣe ayédèrú? Ní ti ìwà rere ẹni tí kò gbàgbọ́, Sūratush-Shams sọ fún wa pé Ọlọ́hun ti fi mímọ rere àti búburú sínú gbogbo ẹ̀mí, kò ní ti Mùsùlùmí nìkan. Ìbínú sí àwọn ẹlẹ́sìn nìyí, ó sì tọ́ nígbà mìíràn. Ìbéèrè lórí wíwà Ọlọ́hun kọ́.

Kí a tó dé ìkẹta, a fẹ́ kí ẹ rántí Imāmu Ghazali, tí a bí ní Tūs ní ilẹ̀ Páṣíà ní 1058, tí ó sì kú ní 1111. Ó jẹ́ olùkọ́ àgbà ní Nizāmiyya ní Bagdádì kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1095. Nínú ìwé rẹ̀ Al-Munqidh minad-Dalāl, ó sọ pé òun rí i pé ọmọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń dàgbà di Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Yàhúdì di Yàhúdì, ọmọ Mùsùlùmí di Mùsùlùmí. Àwa Ìgbómìnà mọ èyí dáadáa. Nínú agbo ilé kan náà, bàbá a máa lọ sí mọ́sálásí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà wọn a sì tún mọ orúkọ tí egúngún ẹlẹ́wẹ̀ ń jẹ́. Ghazali béèrè pé kí ni òun mọ̀ fúnra òun, yàtọ̀ sí ohun tí òun jogún? Ó ṣe iyèméjì sí ojú rẹ̀: ìràwọ̀ tí ó dà bí owó wẹ́wẹ́ tóbi ju ayé lọ. Ó wá ṣe iyèméjì sí làákàyè pàápàá. Nǹkan bí oṣù méjì ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé kì í ṣe ètò ẹ̀rí tí òun tò jọ ni ó wo òun sàn, ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun jù sí òun láyà ni. Ẹni tí a ń pè ní Ẹ̀rí Ìsìláàmù, Hujjatul-Islām, ni ó kọ èyí sílẹ̀ nípa ara rẹ̀, kò sì tijú.

Ìkẹta ni ìyá ọmọ náà.

Inú oṣù Ramadāni tí ó kọjá ni ó kú. Kíláàsì wa ni ó ka Yāsīn fún un. Ọmọ náà wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí a máa ṣe àmín, Áfáà. A sì ṣe é." A kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀kọ́ àdá kò wúlò níbẹ̀. Kíláàsì tí ó ti ń béèrè pé báwo ni a ṣe mọ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ó dun òun, àwa sì fi í kúnlẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ṣe àmín.

Nígbà tí ẹnu wa là, ọ̀rọ̀ Ibrahim ọmọ Ànábì ni a sọ fún un. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ó kú ní Mẹ̀dínà, ní 632. Ànábì gbé e mọ́ra, omi jáde lójú rẹ̀. Àdúà bàbá tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò dá ọmọ náà dúró. Ní ọjọ́ náà gan-an ni òòrùn ṣókùnkùn. (Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní 29 March 2006 yóò rántí bí òṣùpá ṣe dí ojú òòrùn ní ilẹ̀ wa, tí àwọn kan ń sáré wọlé.) Àwọn ará Mẹ̀dínà ní nítorí ikú Ibrahim ni. Ànábì dìde, ó sọ fún wọn pé òòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni, àmì Ọlọ́hun ni wọ́n.

Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́tàn, ẹ̀rí tí ó dára jù lọ ni wọ́n gbé wá bá a yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó kọ̀ ọ́. Ní ti àwa, tí a bá bi wá pé kí ni ó so wa mọ́ ọ̀rọ̀ Ànábì yìí kọjá ẹ̀kọ́ àdá, ọjọ́ yẹn wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò purọ́ nígbà tí irọ́ ìbá tù ú nínú, a gbà á gbọ́ nígbà tí ó ní Olúwa ń gbọ́ àdúà, bí a kò tilẹ̀ rí ohun tí a béèrè.

Ọmọ náà kò dáhùn. Bàbá rẹ̀ pè é, ó mú àdá, ó lọ.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tí ó tẹ̀lé e, ó wá sí kíláàsì, ó jókòó sí ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, ó ní, "Áfáà, ti ta ló dá Ọlọ́hun ti yé mi. Ti ìyá mi ni kò tíì yé mi." A sọ fún un pé kò tíì yé àwa náà tán. Ó mi orí. Ó bi wá ibi tí kíláàsì bá ẹ̀kọ́ dé nígbà tí òun kò sí, a sì ṣí ìwé fún un.