Orí Kẹfà: Bí Ìjì Bá Ká Yín Mọ́ Ojú Omi

Alímọ̀ṣọ́ kò ní etí òkun. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó gba ọ̀nà LASU láti Ìgàndò dé Ìyànà Ìbà ti sún mọ́ ọ̀sà, ará Ìkòtún tó bá sì dé Mile 2 kò jìnnà sí èbúté mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ bóòtù lọ ra ẹja, tàbí lọ kí ẹbí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2022, bóòtù kan gbéra ní Mazamaza, ó ń lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ti kọjá. LASWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi Èkó, kò sì gbà kí bóòtù akérò máa rìn lóru. Èrò 16 ló wà nínú rẹ̀, wọn kò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ìjì dé, omi gbé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sílé.

Ìjì tiwa kì í fúnni láyè. Ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ojú ọ̀run á ṣú dùdù lápá Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ á pa rọ́rọ́, kí ẹ tó mọ̀, atẹ́gùn tútù ti kọ lù yín. Ẹni tó ń lọ sí Àgbádárìgì kọ ẹ̀yìn sí i ni, nítorí náà kó máa bojú wẹ̀yìn. Apẹja tó fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun gbọ́dọ̀ ká a kí atẹ́gùn náà tó dé, torí ìgbòkun tó nà gbalaja nínú ìjì ló ń dojú ọkọ̀ délẹ̀.

Bí nǹkan bá wá burú ńkọ́? Àwọn kan á ní fóònù wà lọ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo ni fóònù ń pè. Onítọ̀hún lè má gbé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má sí. Wókì-tókì ojú omi, tí wọ́n ń pè ní VHF, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí tó ṣí tiwọn sí ìkànnì 16 ló máa gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkànnì yìí ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì, kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣòfófó.

Ohùn wókì-tókì yìí kì í la òkè kọjá, tààrà ló ń lọ. Bí ẹ bá jókòó sísàlẹ̀ bóòtù, kò ní dé ibi tó jìnnà. Ẹ gbé e sókè, kí áńtẹ́nà orí rẹ̀ nàró. Ẹ so ó mọ́ ara yín lókùn. Kí ẹ sì ti gba iná sí i látilé, ẹ kúkú mọ bí iná ìjọba ṣe rí.

Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, “Mayday” ni ìpè yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó tú u sílẹ̀ láti gbọ́ èsì:

“Mayday, Mayday, Mayday. Bóòtù Ìrètí ni o, Ìrètí, Ìrètí. A wà lójú omi láàárín Mile 2 àti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú, omi ń wọ ọkọ̀. Èèyàn 11 ni wá. Ẹ gbà wá. Over.”

Orúkọ, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye èèyàn: ẹni tó bá fẹ́ gbà yín kò lè ṣe láìmọ ìwọ̀nyí. Bí ẹ̀mí kò bá sí nínú ewu, tí ẹ́ńjìnnì kàn kú lásán, “Pan-pan” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó ń fi Mayday ṣeré ń gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rì níbòmíràn.

Kó tó di ìkẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń bọ̀, ẹ kọ ìpè yìí sínú ìwé yín, kí ẹ kà á sókè fún ará ilé. Ẹ kọ 112 àti 767 sí abẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni wọ́n, wọn kì í gba owó ìpè. Bí ẹ bá sì dé èbúté, ẹ bi awakọ̀ pé: wókì-tókì rẹ dà? Bí kò bá ní, tí ojú ọ̀run sì ti ṣú, ẹ má wọ ọkọ̀ náà.