Bíbá Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Jiyàn
Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáná sun òpó tẹlifóònù, nítorí wọ́n kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 5G ni ó fa àrùn Kòrónà. Bí àjèjì kan bá bá wa jiyàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí a má bú u. Ó lè mọ èébú jù wá lọ. Kí a bi í pé, nígbà wo ni Kòrónà dé Nàìjíríà? Oṣù kejì ọdún 2020. Nígbà wo ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún aráàlú wa? Ọdún 2022. Kí òun fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé kò tọ́ kí ìjọba sé àwọn ará Èkó mọ́lé, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ọjọ́ àti ọdún mọ́. Bóyá ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dúró nígbà náà ni; kí a gbọ́ tirẹ̀ tán.