Ọ̀kadà Tí Kì í Rú Èéfín

Ẹni tó bá ń ti ìlú wa, Ara ní Ọ̀ṣun, lọ sí Ẹdẹ, tàbí tó fẹ́ gba ibẹ̀ dé Òṣogbo, ọ̀kadà ni yóò gùn, tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí kọ̀rọ̀pẹ̀ bó bá rí èyí tó ti fẹ́ẹ̀ kún. Gbogbo wọn ló ń jó epo bẹntiróò. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń jó epo, èéfín ò ní ṣàì jáde. Èéfín náà ni orí ìwé yìí dá lé, òun àti irú ọkọ̀ kan tí kò ní sàlẹ́ńsà rárá, nítorí pé kò sí èéfín tí yóò gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú èéfín. Bí ẹ bá fi aṣọ funfun nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà ọ̀kadà tó ti pẹ́, ẹ ó rí i bí aṣọ náà ṣe máa dúdú. Èyí tí ojú rí nìyẹn. Èyí tí ojú kò rí ló léwu jù. Ó kéré débi pé irun orí ẹyọ kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì tún ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ikọ́ fée, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró: Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, so gbogbo wọn mọ́ afẹ́fẹ́ tí kò mọ́. Àjọ náà sọ pé afẹ́fẹ́ burúkú, ti ìta àti ti inú ilé ìdáná pa pọ̀, ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 7 èèyàn lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Kí ló mú kí èéfín tiwa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó wà lára rẹ̀. Bí rínǹgì inú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, ọ́ìlì á máa bá epo jó. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà dé ló ní ohun kan nínú ọ̀pá èéfín rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì, tó ń fọ èéfín kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ tiẹ̀ tà nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àìrówó ló ń ti ẹlòmíì dé ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ ló ń san gbèsè náà.

Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí afẹ́fẹ́ ìlú Èkó, wọ́n sì fojú bù ú pé ní ọdún 2018, nǹkan bí 11,200 èèyàn ló kú láìtọ́jọ́ níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnì kan lè sọ pé Èkó nìyẹn, pé oko ló yí Ara ká. Òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ tiwa ṣì mọ́ ju ti Òjóta ní Èkó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ èéfín ló ń kọ́kọ́ fà á símú. Ọlọ́kadà ń fà á láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyá alákàrà tó gbé agbada kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ń fa ti igi ìdáná, ó tún ń fa ti ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń mí léraléra ju òun alára lọ. A ò lè wá sọ pé nítorí pé ìlú wa kéré, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá.

Ọ̀kadà oníná mànàmáná kò ní káábúrétọ̀, kò ní pọ́lọ́ọ̀gì, kò ní táǹkì epo, ẹnikẹ́ni kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, torí kò ní ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ńlá kan ló wà lábẹ́ ìjókòó. Wáyà gba láti ara bátìrì lọ sí ara ẹ̀rọ kan tó ń yí táyà ẹ̀yìn, bí ẹ̀rọ inú fáànù ṣe ń yí apá fáànù. Bí ọlọ́kadà bá yí ọwọ́ rẹ̀, iná á pọ̀ sí i, táyà á sì yára. Kò pariwo. Ẹni tó ń sọdá títì gbọ́dọ̀ lajú dáadáa, nítorí kò ní gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè.

Àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Benin ti ń lò ó. Ní Kútọnu, zémidjan ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà, ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wa níbí wọlé, nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èéfín wá bo ìlú náà. Ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ M Auto gbé ọ̀kadà oníná mànàmáná dé Benin àti Togo. Ní ọdún 2023, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Spiro. Ohun tó mú kí ó rọrùn fún àwọn zémidjan ni pé wọn kì í jókòó ti bátìrì kó tó kún. Bí iná bá ti fẹ́ tán, ọlọ́kadà á yà sí ibùdó. Wọ́n á ṣí ìjókòó, wọ́n á yọ èyí tó ti rẹ̀, wọ́n á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, ó sì di títì. Kò pẹ́ ju ìgbà tí à ń lò nílé epo lọ lọ́jọ́ tí kò sí ìlà.

Ní Nàìjíríà níbí náà, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ MAX ti gbé ọ̀kadà oníná mànàmáná sójú títì. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Oando àti LAMATA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà l'Ékòó, gbé bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná wọ Èkó láti fi dán an wò. Èyí tó wù mí jù ni ti Maiduguri, ìlú tí àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó tó ń gbé iná wá síbẹ̀ jẹ́ ní ọdún 2021 tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Mustapha Gajibo ń yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kékeré, irú èyí tó jọ kọ̀rọ̀pẹ̀ tiwa, ó sì ń fi bátìrì àti ẹ̀rọ iná rọ́pò rẹ̀. Sólà ló fi ń ṣáájì wọn.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bèèrè nìyí: iná wo? Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fi ẹ̀rín pa á rẹ́. Bí a bá fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì ọ̀kadà, a kàn gbé èéfín láti títì lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Iná IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, sàn ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà. Gáàsì náà ń rú èéfín, ṣùgbọ́n kì í rú tó ti epo, ibi tí wọ́n sì ti ń jó o jìnnà sí imú ọmọ tó ń lọ síléèwé. Sólà ló dára jù. Oòrùn Ọ̀ṣun kò ní mítà. Ní ọdún 2021, Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní ibùdó ṣáájì ọkọ̀ tó ń lo oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba. Lítà kan ni mo ń pè ní jálá níbí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sún mọ́ 500. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ká ní ọlọ́kadà kan ń lo lítà mẹ́rin lójúmọ́ ní 1,000 náírà: 4,000 náírà nìyẹn. Ká ní ọ̀kadà oníná mànàmáná fi yúnìtì iná mẹ́fà ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, 225 náírà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta yúnìtì fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lójúmọ́. Ẹ sọ 225 di ìlọ́po mẹ́fà: 1,350 náírà. Ẹ̀yin náà ẹ fi iye tí ẹ̀ ń ra epo àti iná lónìí ṣe é. Owó tí wọ́n fi ń ra ọ̀kadà náà ló wọ́n, pàápàá bátìrì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Spiro fi mú bátìrì sọ́wọ́ ara rẹ̀, tí ọlọ́kadà ń sanwó iná nìkan.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Àwọn ọkọ̀ oníná mànàmáná olówó pọ́ọ́kú kan ń lo bátìrì olójé, irú èyí tó wà nínú mọ́tò. Bó bá kú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ lẹ́yìn ilé. Òjé ni májèlé tó pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù nínú ọgbà ilé. Ẹ dá bátìrì tó ti kú padà fún ẹni tó tà á.

Ẹdẹ ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀, ó ní Yunifásítì Redeemer's, ó ní Yunifásítì Adeleke. Àwọn tó mọ̀ nípa iná àti sólà wà ńbẹ̀. Ibùdó sólà kan ṣoṣo tí bátìrì mélòó kan wà nínú rẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Ara sí Ẹdẹ. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin òbí: bí káńsẹ́lọ̀ bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé ìgbà wo ni ibùdó náà máa dé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.