Ọwọ́ Tí Ó Pa Ìwé Mímọ́ Mọ́: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìrìbọmi



Nígbà tí a bá ń ka Májẹ̀mú Láéláé sí etígbọ̀ọ́ yín nínú Mísà, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn Júù ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, wọn kò sì tíì fi í sílẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é, kí àwa náà lè mọ irú etí tí ó yẹ kí a máa fi gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

1. Ta ni akọ̀wé yìí?

Ní èdè Hébérù, sofer ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni láti fi ọwọ́ kọ Tóráà, èyíinì ni ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú Bíbélì. Àwọn Júù ní Bíbélì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, wọ́n sì ń kà á nílé. Ṣùgbọ́n ìwé kíká tí a fi ọwọ́ kọ ni wọ́n ń lò fún kíka Tóráà nínú ìjọsìn ọjọ́ Ìsinmi wọn.

Ẹ má ṣe fi akọ̀wé yìí wé àwọn akọ̀wé tí Jésù bá wí nínú Ìhìnrere. Olùkọ́ òfin ni àwọn wọ̀nyẹn. Ohun tí Olúwa wa bá wọn wí fún ni pé àwọn kan nínú wọn ń kọ́ni, wọn kì í sì í ṣe é. Kò kẹ́gàn Ìwé Mímọ́, kò sì kẹ́gàn ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Lúùkù Mímọ́ sọ fún wa ní orí kẹrin pé, ní sínágọ́gù Násárẹ́tì, Jésù dìde, ó gba ìwé wòlíì Aísáyà, ó ṣí i, ó kà á, ó ká a padà, ó sì dá a padà fún ìránṣẹ́. Ìwé àfọwọ́kọ ni Olúwa wa kà.

2. Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Awọ ẹran tí òfin Mósè kà sí mímọ́ ni wọ́n ń lò, bí awọ màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́. Wọ́n á fá a, wọ́n á nà án, wọ́n á sì dán an. Ìyẹ́ tòlótòló tàbí esùsú tí a gbẹ́ lẹ́nu ni kálámù wọn. Wọ́n máa ń fi kókó tí ń hù lára igi óákù, oje igi àti èròjà irin ṣe tàdáà. Akọ̀wé á kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ fa ìlà sára awọ náà láìlo tàdáà, kí ọ̀rọ̀ má baà wọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, iṣan ẹran ni wọ́n fi ń rán awọ kan mọ́ èkejì.

Akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láti orí lásán, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sórí. Ó gbọdọ̀ wo ìwé tí ó pé, kí ó sì fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ọ́. Lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ fara kan èkejì. Bí ó bá kan Orúkọ Ọlọ́run, á dúró, á sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ kọ ọ́ láti bọlá fún Orúkọ mímọ́ náà. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ mìíràn kọ, ó lè fi ọ̀bẹ fá a kúrò. Ṣùgbọ́n Orúkọ Ọlọ́run kò ṣeé pa rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà nínú Orúkọ náà, wọ́n á yọ awọ náà kúrò, wọ́n á sì sin ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lẹ́tà 304.805 ni ó wà nínú Tóráà. Bí ẹyọ kan péré bá sọnù, wọn kò gbọdọ̀ ka ìwé náà nínú ìjọsìn títí a óò fi tún un ṣe. Nítorí náà, kíkọ ìwé kan ṣoṣo lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Kí ni èso sùúrù yìí?

Ní ọdún 1947, àwọn darandaran rí àwọn ìwé kíká nínú ihò àpáta kan ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Ìwé Aísáyà wà nínú wọn, ó gùn ju mítà méje lọ. A ti kọ ọ́ kí a tó bí Jésù. Ó fi nǹkan bí 1000 ọdún dàgbà ju àwọn Aísáyà lódindi tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní èdè Hébérù. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n rí ìyàtọ̀ nínú àkọtọ́ àti nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìwé Aísáyà kan náà ni. A tilẹ̀ rí i níbi tí àwọn akọ̀wé ti fi ọwọ́ tún àṣìṣe ṣe láàárín ìlà.

4. Kí ni èyí kọ́ wa?

Èkíní: ẹ bu ọlá fún àwọn Júù. Ní ọdún 1965, Àpéjọ Vátíkánì Kejì kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́run kọ̀ sílẹ̀. Ìṣúra tí wọ́n pa mọ́ ni a ń jẹ nínú rẹ̀.

Èkejì: ẹ má ṣe fi ìwàǹwára gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ohun tí ẹlòmíràn fi odindi ọdún kọ, kò yẹ kí a fi oorun gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe dúró lórí lẹ́tà nìkan. Katikísì Ìjọ Kátólíìkì (108) kọ́ wa pé ẹ̀sìn wa kì í ṣe ẹ̀sìn ìwé, bí kò ṣe ẹ̀sìn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ó di ènìyàn, tí ó sì wà láàyè. Ẹni tí ó ka gbogbo Ìwé Mímọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ Jésù kò tíì dé ibi tí ó ń lọ.

Ẹ̀kẹrin: ní ìbẹ̀rẹ̀ Ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tí ó ṣáájú Ìrìbọmi yín, a óò kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn àyànfẹ́. Bí ẹyọ lẹ́tà kan kò bá ṣeé fojú fò nínú Tóráà, mélòómélòó ni ẹnì kan nínú ẹbí Ọlọ́run! Kò sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan láàárín yín, ì báà ṣe arúgbó tí kò mọ̀wé.

Ìbéèrè
– Èé ṣe tí akọ̀wé fi ń pe ọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ọ́?
– Kí ni ó máa ń dí mi lọ́wọ́ láti tẹ́tí sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú Mísà?

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí
Ẹ fi ọwọ́ da Lúùkù 4, ẹsẹ 16 sí 21 kọ sínú ìwé yín. Ẹ pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ẹnì kan kà á fún un díẹ̀díẹ̀, kí òun náà sì máa tún un sọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí.